Àpótí Kejìlá

Ẹ̀kúyá kan nìyí, ó ti gbẹ.
Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé líle, wọ́n fi òwú so ó lọ́rùn
bí ẹni pé ó lè sá.
Ọdún kẹtàdínláàádọ́rin rèé tó ti dùbúlẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin
ní Windhoek, níbi tí òtútù ẹ̀rọ ti ń lé kòkòrò.
Ewé márùn-ún lórí ọ̀pá kan, bí ọwọ́ ọmọdé tó ní "dúró."
Òdòdó tó funfun nígbà kan ti di àwọ̀ tíì.
Àwọn okùn inú rẹ̀ ṣì nà jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́.
Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní òdòdó aláǹtakùn,
àwọn tí kò sè é jẹ rí.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n tẹ ohun tó wà lára ìwé sínú kọ̀ǹpútà.
Nọ́ńbà: ẹgbàajì lé mẹ́rìndínlógún.
Ẹni tó já a: W. Krahl. Oṣù Kẹta, 1954.
Ibi: àríwá Ondangwa, ilẹ̀ iyanrìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà màlúù.
Òórùn: ó le.
Nísàlẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù:
"Ọmọ ilẹ̀ yìí kan ló mú mi débẹ̀."
Ọmọ ilẹ̀ yìí kan.
Krahl wọn bí ilẹ̀ ṣe ga ju òkun lọ, ó kọ ọ́;
ó ka irun ara igi, ó kọ ọ́;
ẹni tó rìn níwájú rẹ̀ nínú oòrùn,
àyè tán lórí ìwé.

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Àṣẹ ni: má fi kún un, má yọ níbẹ̀.
Mo dé àpótí kejìlá, mo dúró.
"Ṣé ó lalẹ̀ hù ni, àbí wọ́n gbìn ín?
Mú ẹyọ kan."

Mo pe Kuku Loide lórí fóònù.
Ó ń bọ́ ewúrẹ́, mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.
Mo ní: Kuku, ombidi inú oko yín, ta ló gbìn ín?
Ó ní: Ta ló ń gbin ombidi?
Mo ní: A jẹ́ pé igbó ló ti wá.
Ó dákẹ́. Ó pòṣé.
"Ndeshi, tá a bá ń ro oko mahangu,
tí ọkọ́ dé ìdí rẹ̀, ọkọ́ a yà.
Ìyá mi yà fún un. Èmi náà ń yà fún un.
Ọmọ tó mọ̀nà ilé fúnra rẹ̀,
ṣé ìsáǹsá lẹ máa ń pè é lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?"
Owó fóònù tán lẹ́nu ewúrẹ́ kan.

Iyanrìn díẹ̀ ṣì há sí gbòǹgbò rẹ̀.
Mo gbé ìwé náà sókè, ó dà sórí tábìlì, ó funfun bí iyọ̀.
Òfin ní kí n gbá a jọ sínú àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé.
Mo gbá a jọ.
Ó ku ẹyọ kan lábẹ́ èékánná mi.

Nínú àyè àlàyé mo tẹ̀ ẹ́ pé:
"Wọn ò gbìn ín. Wọn ò sì tu ú."
Kò pẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Swartbooi dá a padà láti yàrá òkè:
"Ndeshihafela, ẹ̀rọ ò gba méjì. Mú ọ̀kan."
Kì í ṣe ènìyàn burúkú.
Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ìwé ló ń dúró dè é.
Mo mú "lalẹ̀ hù."
Mo tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ náà: ohun kan la ilẹ̀, ó hù,
ẹnikẹ́ni ò béèrè pé ilẹ̀ ta ni.

Aago kan lù. Mo ṣí ike oúnjẹ mi:
evanda, ìṣù ewé dúdú tí Kuku sá sóòrùn,
tó fi rán bọ́ọ̀sì Oshakati sí mi nínú páálí bàtà.
Mo bu omi gbígbóná sí i.
Òórùn rẹ̀ gba yàrá, ó gun àtẹ̀gùn.
Swartbooi yọjú, imú rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀.
"Kí nìyẹn?"
Mo ní: Nọ́ńbà ẹgbàajì lé mẹ́rìndínlógún.
Ẹ jókòó.